Láptọ́ọ̀pù yẹn ò tíì kú, háàdì ẹ̀ ló ń kú: ọ̀rọ̀ àsọyé lórí pípààrọ̀ háàdì láptọ́ọ̀pù àtijọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn torí pé àga ò tó, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yọ̀ǹda àsìkò yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ háàdì kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń torí ẹ̀ pe èèyàn jọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Ta ló ní láptọ́ọ̀pù nílé tó jẹ́ pé tó bá tàn án báyìí, á lọ wẹ̀, á wọṣọ, á padà wá bá a, nǹkan róbótó yẹn á ṣì máa yí lójú ẹ̀? Ẹ nawọ́. Ẹ ò rí ọwọ́! Ó dáa, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Mélòó nínú yín ni wọ́n ti sọ fún pé “ó ti gbó, ẹ lọ ra òmíì”? Hẹn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tí mo wá sọ ò pọ̀ o. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ní ó ti gbó yẹn, ohun kan ṣoṣo ló gbó nínú ẹ̀, háàdì ni, a lè yọ ọ́, ká fi òmíì sí i. Èyí tó ṣe pàtàkì jùyẹn lọ ni pé síkúrù kọ́ ló le nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó le ni kíkó àwọn nǹkan yín jáde nínú háàdì àtijọ́ kó tó di pé ó dákẹ́ pátápátá. Ibi tí a pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Àwọn fọ́tò yín, lẹ́tà yín, iṣẹ́ yín, àwọn yẹn ni orí. Háàdì, ọjà ni, ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe é, ó sì ń ṣe òmíì jáde bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mo máa tún un sọ títí á fi sú yín: ẹ kó dátà yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: kí ló dé gan-an tó fi ń fà bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo inú háàdì àtijọ́. Àwo pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ méjì, ó ń yí, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ní orí kékeré lẹ́nu, orí yẹn ló ń ka ohun tó wà lára àwo. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, àwo yẹn ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, orí yẹn ò sì fara kan àwo o, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, àlàfo àárín wọn kéré débi pé irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, mi ò lè kẹ́gàn ẹ̀ láé. Ní 1956 tí IBM gbé kọ̀ǹpútà RAMAC jáde pẹ̀lú háàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fáráyé, àwo 50 ló wà nínú háàdì yẹn, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 24, gbogbo ẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ohun tó sì lè gbà ò ju nǹkan bíi 5 MB lọ. Fọ́tò kan péré tẹ́ ẹ bá fi fóònù yà lónìí lè kún un! Ká wá láti ibẹ̀ yẹn dé orí èyí tó gba 1 TB tó sì wọ inú láptọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ ká fún àwọn tó ṣe é ní ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí wọn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí ìṣòro wà. Tí Wíńdòsì bá fẹ́ gbéra, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń pè, wọn ò sì sí lójú kan náà. Orí kékeré yẹn ní láti sún dé ibẹ̀, kó dúró kí àwo yí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kó kà á, kó tún gbéra lọ sí ibòmíì. Ẹ ronú ẹni tí wọ́n rán pé kó lọ kó ẹgbẹ̀rún ìwé jọ nínú ilé ńlá kan, ìwé kan ní yàrá kan, kò sì gbọdọ̀ mú ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìrìn yẹn ló ń jẹ àsìkò yín. Ìrìn ẹyọ kan lè tó ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ lè sọ pé kò tó nǹkan, ẹ wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣe ìlọ́po ẹ̀. SSD, ìyẹn irú háàdì tuntun tá a máa fi rọ́pò ẹ̀, ní tiẹ̀ ò ní nǹkan kan tó ń yí, kò ní apá, kò ní orí tó ń sáré kiri, iná ló fi ń wá nǹkan, orí ìmọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni Masuoka Fujio àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Toshiba láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni wọ́n gbé e lé. Ohun tó ń gba háàdì ní ìdá mẹ́wàá yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni SSD fi ń ṣe é. Ṣé ẹ ti rí ìdí tí láptọ́ọ̀pù 2012 ṣe lè dà bíi tuntun lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀?

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé háàdì ló ń fà á, pé kì í ṣe nǹkan míì? Ẹ má gbọ́ tèmi nìkan, ẹ wò ó fúnra yín. Tó bá ti ń fà, tí ẹ bá wà lórí Wíńdòsì, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Tí Disk, ìyẹn háàdì, bá dúró sí 100% tí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ò sì ju bíi 10 sí 20 lọ, háàdì lẹ ń dúró dè nìyẹn. Tó bá jẹ́ Memory ló kún, RAM, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kún un, pàápàá tó bá jẹ́ 2 GB ló wà nínú ẹ̀. Nígbà míì àwọn méjèèjì ni o.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kejì, òun sì ni mo torí ẹ̀ wá gan-an: háàdì tó ń kú, báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n, kí la sì gbọ́dọ̀ ṣe lọ́jọ́ yẹn?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Háàdì kì í sábà kú láìsọ̀rọ̀. Á máa ró tàk, tàk, tàk, ní àkókò tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Fáìlì tó ṣí lánàá ò ní ṣí lónìí. Fódà kan á gba ìṣẹ́jú gbọọrọ kó tó fi ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn. Kọ̀ǹpútà á kàn dákẹ́ lójijì, àmì máòsì ò ní lè sún, á tún ta jí. Gbogbo háàdì ló sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tó ń kọ nípa ara ẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é, CrystalDiskInfo á fi hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Wíńdòsì, smartctl á fi hàn yín lórí Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó lè gbapò Wíńdòsì) àti Mac. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Reallocated Sectors Count àti Current Pending Sector sí, ìyẹn iye ibi tó ti bàjẹ́ lára ẹ̀ àti iye ibi tó ń ṣe ségesège. Tí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bá ti kúrò ní òdo, tó wá ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ má dúró de ẹ̀rí kankan mọ́. Ká sòótọ́, àwọn kan wà tí SMART wọn mọ́ tónítóní tí wọ́n ṣì kú, nítorí náà tí etí yín bá gbọ́ tàk-tàk yẹn, etí yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀, olùkọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ sínú láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ẹnì kan sọ fún un pé kó ṣe defrag kó lè yára, ó ṣe é mọ́jú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ohun tí defrag ń ṣe? Á máa gbé gbogbo fáìlì láti ibì kan lọ síbòmíì, á máa kà, á máa kọ, láìsinmi. Lára háàdì tó ń kú lọ! Nígbà tílẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà ò rí háàdì yẹn mọ́ rárá. Ohun tó rí gbà padà ò ju àwọn tó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn lórí ímeèlì lọ. Ó dùn mí gan-an, torí tó bá jẹ́ pé ó fi òru yẹn kan náà kó fáìlì ẹ̀ sórí háàdì míì ni, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ẹ̀ tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ bọ́.

Nítorí náà, kò sí defrag, kò sí chkdsk tí Wíńdòsì fi ń yẹ háàdì wò, kò sí antivirus tó ń yẹ gbogbo inú ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó kó dátà. Ẹ má gbé e sínú fìrísà, mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ ọ́ fún yín, omi tó máa kó jọ sí i lára á ba ohun tó ṣẹ́kù jẹ́. Ẹ má ṣí i wo inú ẹ̀, mo ti sọ bí àlàfo orí yẹn ṣe kéré tó, eruku tí ojú yín ò lè rí, òkè ńlá ni fún un. Tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó ṣe kókó jù lọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó, fídíò tẹ́ ẹ lè tún rí gbà níbòmíì lè dúró. Tí apá kan bá ti bàjẹ́ lára ẹ̀, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ ddrescue lórí Linux, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí pé á kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó rọrùn, á kọ ibi tó le sílẹ̀ sínú ìwé, á wá padà síbẹ̀ nígbà tó bá yá, kò ní jókòó ti ibi tó bàjẹ́ títí tí háàdì á fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí kọ̀ǹpútà ò bá wá rí háàdì yẹn mọ́ rárá, tí ohun tó wà níbẹ̀ sì ṣe pàtàkì sí yín, ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́, ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba dátà là gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kó o tán, ẹ ṣí i wò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Ọkùnrin kan kó gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ sórí fíláàṣì, inú ẹ̀ dùn, ó ní òun ti parí. Àmì tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì ló kó, fáìlì gan-an ò kúrò níbi tó wà. Wọ́n ti fẹ́ nu háàdì yẹn kí wọ́n tó rí i! Ẹ gbé ẹ̀dà yẹn lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, ẹ ṣí fọ́tò, ẹ ṣí lẹ́tà, ẹ wò ó bóyá ó tóbi tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí páswọ́ọ̀dù tó wà nínú búráúsà yín, ẹ rántí ímeèlì tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ló wà. Tí BitLocker, ìyẹn ohun tí Wíńdòsì fi ń ti háàdì pa, bá wà lórí háàdì yẹn, ẹ wá nọ́ńbà 48 tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí láìsí i, tí kọ̀ǹpútà bá béèrè ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i, àtẹni tó ṣe é pàápàá.

Ọ̀rọ̀ kẹta: èwo lẹ máa rà?

Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú tiyín. Tí láptọ́ọ̀pù yẹn bá ti pẹ́ gan-an, IDE, ìyẹn irú ẹnu ìsopọ̀ àtijọ́, ló lè wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ kéékèèké 44 lẹ máa rí lẹ́nu ẹ̀. SATA tó jáde ní 2003 ló gba ipò yẹn, ẹnu tiẹ̀ pẹlẹbẹ ni, ó pín sí méjì, èyí tó kúrú fún dátà, èyí tó gùn fún iná. Èyí tó pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù tá à ń sọ yìí, SATA íǹṣì 2.5 ni. Àwọn kan ní ihò kékeré fún mSATA tàbí M.2, ìyẹn SSD kéékèèké tó rí pẹlẹbẹ, ibí yìí lẹ ti ní láti ṣọ́ra, torí M.2 méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ SATA kí èkejì jẹ́ NVMe, ìyẹn ọ̀nà tuntun tó yára ju SATA lọ, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó sì jẹ́ SATA nìkan ló mọ̀ ò ní rí NVMe yẹn rárá. Ẹ wo bó ṣe nípọn náà: háàdì àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 9.5, SSD jẹ́ 7, èyí tó tínrín á wọ àyè èyí tó nípọn, ẹ kàn máa nílò férémù tẹ́ẹ́rẹ́ kan kó má baà máa mì, àmọ́ 9.5 ò lè wọ àyè 7.

Àwọn kan máa ń bi mí pé, “ọ̀gá, láptọ́ọ̀pù mi ti pẹ́, SATA 3 Gb/s ló ní, SSD yìí sì jẹ́ 6, ṣé kì í ṣe pé mo ń fowó ṣòfò?” Rárá o. Wọ́n máa bára wọn mu. Tẹ́ ẹ bá ń da fáìlì ńlá kọ lẹ máa rí i pé kò sáré tó bó ṣe yẹ, nǹkan bíi 250 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn láti yàrá dé yàrá yẹn, ó ti tán pátápátá, ìyẹn sì lẹ máa rí nígbà tẹ́ ẹ bá tàn án.

Ẹ̀rù míì tó máa ń bà wọ́n ni pé SSD á tètè gbó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Samsung kọ 150 TB fún SSD wọn kan, 870 EVO tó jẹ́ 250 GB, ìyẹn iye tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ lè kọ sí i lára. Tẹ́ ẹ bá ń kọ 20 GB sí i lójoojúmọ́ láìsinmi, ó ju 20 ọdún lọ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Láptọ́ọ̀pù yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ayédèrú, èyí tí wọ́n kọ 2 TB tàbí 4 TB sí lára tó jẹ́ pé fíláàṣì kékeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á gbà á, á ka 2 TB fún yín, ẹ ò ní mọ̀ àfìgbà tí fáìlì yín bá ń pòórá. Ẹ fi H2testw tàbí F3 dán an wò kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹrin, títú u. Mi ò ní pẹ́ níbí, torí kò le.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kó má kàn sùn. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ, ẹ wá tẹ ibi tá a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin, torí iná tó wà lára èèyàn lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ wá ìwé àtúnṣe láptọ́ọ̀pù yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Lenovo, Dell àti HP máa ń gbé tiwọn síta lọ́fẹ̀ẹ́, á sọ fún yín bóyá ilẹ̀kùn kékeré ló wà nísàlẹ̀ tàbí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ máa ṣí. Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ to síkúrù sórí ìwé bí wọ́n ṣe wà lára ẹ̀, torí gígùn wọn kì í dọ́gba, èyí tó gùn tẹ́ ẹ bá fi sí ihò èyí tó kúrú lè gún pátákó inú ẹ̀. Síkúrù-díráfà tó bá orí síkúrù mu gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Háàdì kì í jáde sókè ní ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ẹ̀gbẹ́ la ń fà á sí kó lè kúrò lẹ́nu ìsopọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko: tí kò bá jáde, síkúrù kan ló ṣẹ́kù tẹ́ ẹ ò rí, ẹ wá a. Ẹ tú irin tó gbé háàdì àtijọ́ dání, ẹ fi de tuntun, ẹ tì í padà títí tó fi wọlé ṣinṣin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní MacBook Pro 2012 tí kì í ṣe Retina, ẹ máa nílò Torx T6 fún àwọn síkúrù kéékèèké ẹ̀gbẹ́ háàdì, àti pé wáyà pẹlẹbẹ tó so háàdì mọ́ ọn máa ń bàjẹ́ gan-an, tí SSD tuntun bá ń ṣe ségesège, wáyà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí lẹ máa wá fi sínú ẹ̀? Tí háàdì àtijọ́ bá ṣì le, ẹ lè fi Clonezilla da gbogbo ẹ̀ kọ sórí tuntun pẹ̀lú wáyà USB sí SATA, kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, níwọ̀n ìgbà tí tuntun ò bá kéré ju àtijọ́ lọ. Tó bá ti ń ṣàìsàn, tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi Wíńdòsì tuntun sí i, kẹ́ ẹ wá kó fáìlì yín padà, kí àìsàn àtijọ́ má bá yín wọlé tuntun. Tó bá jẹ́ Wíńdòsì 10 tó ti ní àṣẹ tẹ́lẹ̀ ni, pátákó inú láptọ́ọ̀pù ni wọ́n so àṣẹ yẹn mọ́, pípààrọ̀ háàdì ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Àmọ́ Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Wíńdòsì 10 ní October 14, 2025, Wíńdòsì 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ò ní. Ẹ gbìyànjú Linux Mint, mo bẹ̀ yín, fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà, tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń wo fídíò, ó tó, ó sì tún ṣẹ́kù. Tí kọ̀ǹpútà ò bá rí háàdì tuntun, ẹ wọ BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kí Wíńdòsì tó gbéra, lọ wò ó, ẹ rí i pé AHCI, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá háàdì SATA sọ̀rọ̀, ló wà, tí kò bá sì sí níbẹ̀ rárá, ẹ tún un tì dáadáa.

Ó ku háàdì àtijọ́. Ẹ má tètè nù ún. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, torí kò sẹ́ni tó ń rántí gbogbo ohun tó ní lọ́jọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ tà á tàbí fún ẹlòmíì, ẹ rántí pé fáìlì tẹ́ ẹ pa rẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ní 2003, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní MIT, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat, gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n ti ra háàdì àlòkù 158, 129 nínú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni lẹ́tà àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ nípa àìsàn wọn, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà káàdì báńkì. Àwọn tó tà á rò pé wọ́n ti nù ún! Lórí Wíńdòsì, tẹ́ ẹ bá ń ṣe format háàdì tó ń yí, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Quick Format, á pẹ́ gan-an, àmọ́ á kọ òdo bo gbogbo ẹ̀. Tó bá ti kú tí kò ṣeé nù, tẹ́ ẹ wá fẹ́ fọ́ ọ, ẹ fi nǹkan bo ojú yín, torí gíláàsì ni àwo inú ọ̀pọ̀ háàdì láptọ́ọ̀pù, ó máa ń fọ́ yángá.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tẹ́tí sí mi. Ẹni tó bá gbé láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ wá, kó gbé e wá sórí tábìlì níwájú yìí, a máa wo SMART ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó lọ, àwọn tó bá ń ró tàk-tàk ni kó kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ẹ má sì tàn án o, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tá a máa kó dátà yín sí. Ó yá, ìbéèrè. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, mo rí ọwọ́ yín, ẹ máa wí, mà.